Dúró-Ṣinṣin Kun Bíréèkì

Ẹ yà fún un o, ó ń bọ̀! Dúró-Ṣinṣin ni, ọkọ ọ̀nà ọ̀dà, àna ọ̀nà ẹrẹ̀, ọkùnrin tó ní bí òun bá tẹ bíréèkì, ilẹ̀ pàápàá á dúró. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Òun ló fún ara rẹ̀, òun náà ló sì máa ń fi ki ara rẹ̀ láràárọ̀ níwájú jígí ọkọ̀.

Típà ló ń wà níbi tí a ti ń fọ́ òkúta. Òkè ẹlẹ́rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ká tó bọ́ sí títì, ẹrù á sì máa ti ọkọ̀ látẹ̀yìn. Nítorí náà ni màdáámù, máníjà wa, ṣe pín páàdì bíréèkì tuntun fún wa, èyí tó lè dá ọkọ̀ dúró nínú ẹrẹ̀, tó sì lè dá a dúró lórí títì. Ó ní ká pààrọ̀ ti àtijọ́. Ó tún ní òun ń wá olórí awakọ̀: ẹni tó bá kó ẹrù sọ òkè náà, tó dúró gbọn-in sórí ìlà funfun ìsàlẹ̀, òun ló jẹ ẹ́.

Kí ni Dúró-Ṣinṣin ṣe? Ó ta páàdì. Ó fi owó rẹ̀ ra ọ̀dà pupa àti fìlà kan tí wọ́n kọ OLÓRÍ AWAKỌ̀ sí níwájú. Ó wá pe pẹ́ńtà.

"Kun gbogbo bíréèkì ẹsẹ̀ típà yìí. Àwo irin yẹn pàápàá, kùn ún kó máa dán."

"Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni páàdì ti ń dì í mú?"

"Ṣé ìwọ ló ń wà á ni?"

"Rárá o. Dídán ni tèmi. Dídúró, ọwọ́ yín ló wà."

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé páàdì tuntun ńkọ́.

"Páàdì kẹ̀? Kó wá ha ọ̀dà mi?"

Ìyàwó rẹ̀ mi orí. "Ọkọ mi, ẹ̀yin àti ọkọ̀ yín, ìjánu kan náà lẹ jọ nílò."

Láti ọjọ́ náà, típà kò rìn mọ́. Orí òkè ló gbé e sí, ó fi tapólì bò ó kí eruku má ba ọ̀dà jẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Màdáámù gbé àga sẹ́yìn ìlà, àwa tó kù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Awakọ̀ tuntun kan tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀. Kò tíì dé nígbà tí wọ́n pín páàdì. Okùn ló fi so ilẹ̀kùn típà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọra sọ̀, ó tẹ bíréèkì, ó dúró sórí ìlà wẹ́kú.

Dúró-Ṣinṣin bú sẹ́rìn-ín lórí òkè. "Ẹ gbé àkísà yẹn kúrò, kẹ́ ẹ wá wo bíréèkì!"

Ó gbéra. Ọ̀dà pupa ń kọ mànà lẹ́sẹ̀ típà. Ó dùn-ún wò, mi ò ní purọ́. Àwa náà ń kì í: "Dúró-Ṣinṣin! Dúró!"

Ó dé àárín òkè, ó tẹ bíréèkì. Páàdì àtijọ́ tó ti jẹ tán bá ọ̀dà pàdé, ó yọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Èéfín ló jáde.

"Dúró!" là ń pariwo, ṣùgbọ́n kì í ṣe oríkì mọ́, ẹ̀bẹ̀ ni.

"Ẹ yà o! Ẹ sá o! Mo ní kẹ́ ẹ sá!" Dúró-Ṣinṣin ló ń ké bẹ́ẹ̀ láti inú típà.

Ó kọjá ìlà. Ó run àga màdáámù wómúwómú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé màdáámù ti sá. Ó forí sọ òkìtì yanrìn, ó sì dúró. Ó dúró ṣinṣin.

A fà á jáde lójú fèrèsé. Kò fara pa, fìlà nìkan ló bọ́ sínú yanrìn. Kò tíì mí dáadáa tó fi la ẹnu: "Màdáámù, páàdì tẹ́ ẹ fún mi ni! Ayédèrú ni!"

Jẹ́jẹ́ ló dáhùn, kò sì ní ìkà kankan nínú. "Háà, ọ̀gá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Páàdì yẹn dáa o. Òun lẹ tà fún mi, òun ló dá mi dúró."

Màdáámù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wú fìlà jáde, ó gbọn yanrìn rẹ̀ nù, ó fi dé Jẹ́jẹ́ lórí.

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn: "Dúró-Ṣinṣin!"

Ọ̀gbẹ́ni náà gbójú sókè kíá. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń kì.