Ojú Lyle, Orúkọ Emmett

Ẹni tó ń kó káàdì bésíbọ́ọ̀lù jọ kì í ṣe wèrè. Àwọn dókítà ni kò tíì fún ohun tó ń ṣe é lórúkọ. Wendell Strand wà lára àwọn tó ń kó o jọ. Láti àárọ̀ kùtù ló ti ń wakọ̀ gba àárín oko àgbàdo ìpínlẹ̀ Iowa kọjá, ó ń lọ sílé bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Emmett Zielke, ẹni tó gbá bésíbọ́ọ̀lù rí fún ẹgbẹ́ Ẹja Àrọ̀ ti ìlú Millrace, kó tó di ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe. Gbogbo ẹgbẹ́ Ẹja Àrọ̀ ìgbà náà ló ti buwọ́ lu káàdì tí wọ́n tẹ fọ́tò àti orúkọ wọn sí fún Wendell àti bàbá rẹ̀, àyàfi Emmett. Bàbá Wendell wá a títí, kò rí i, ó sì kú nígbà òtútù tó kọjá. Nítorí náà, bí ọ̀nà ṣe gùn tó, kò sú Wendell. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ó bá Emmett níwájú ilé, lórí àga tó ń mì, tó ń bó èèpo àgbàdo sínú garawa.

"Ẹ káàsán o, Bàbá Zielke! Èmi ni Wendell tó pè yín lórí fóònù."

"Ìwọ tó ń ta páànù òrùlé?"

"Rárá, sà. Èmi tí mo fẹ́ kí ẹ buwọ́ lu nǹkan."

"Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan mọ́," ni Emmett wí. "Èyí tí mo buwọ́ lù kẹ́yìn, ẹ̀rọ tó ń fọ omi ni wọ́n gbé wọlé tì mí. Látìgbà náà, tí mo bá wẹ̀, ọṣẹ ò kúrò lára mi mọ́. Mo ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí ẹja."

"Èyí ò ní í ṣe pẹ̀lú omi, sà."

Wendell gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fa ìbọ̀wọ́ funfun méjì yọ. Ó wọ̀ wọ́n jẹ́jẹ́, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn. Emmett ti àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ibo lo fẹ́ yẹ̀ wò lára mi?"

"Ẹ má bẹ̀rù, sà. Kí òógùn ọwọ́ mi má ba káàdì jẹ́ ni."

"Ọwọ́ tìrẹ tó mọ́ báyìí ló ń ba nǹkan jẹ́, o wá rìn láti òpin ayé wá sọ́dọ̀ tèmi?" Emmett gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Irun àgbàdo ló kún inú èékánná.

Wendell ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó wú ikọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti ń kọ́ sórí láti inú ọkọ̀. "Bàbá, kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa yín. Mo mọ ibi tí wọ́n bí yín sí. Mo mọ bí ẹ ṣe wúwo tó nígbà náà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ òsì lẹ fi ń ju bọ́ọ̀lù."

"Ọwọ́ ọ̀tún ni."

"Òsì ni, sà."

"Ọmọ yìí, ọ̀tún ni mo fi ń jù ú. Ọ̀tún náà ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń fá irùngbọ̀n. Àbí ẹlòmíràn ló ń wá bá mi fá a láràárọ̀?"

"Ẹ ti gbàgbé ni, sà," ni Wendell fi sùúrù wí, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ó ti pẹ́. Nínú fọ́tò tó wà lórí káàdì yín, ọwọ́ ọ̀tún ni ìbọ̀wọ́ tí ẹ fi ń mú bọ́ọ̀lù wà. Ẹni tó bá fi ọ̀tún mú un, òsì ló máa fi jù ú. Ọ̀rọ̀ èèyàn lè yí padà, Bàbá. Káàdì kì í purọ́."

"Kò burú. Gbé ohun tí kì í purọ́ náà wá kí n rí i."

Wendell yọ ọ́ látinú àpò inú àpò. Káàdì pẹlẹbẹ, nínú ọ̀rá líle tó ń dán. Ó tẹ́ aṣọ sórí pákó ilẹ̀ níwájú Emmett, ó gbé e lé e, ó sì ṣí kúrò nítòsí. Emmett nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, Wendell sì dijú kí ó má baà rí i. Bàbá náà fi awò ojú sí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó.

"Lyle!" Àgbàdo kan bọ́ nílẹ̀. "Lyle Pruett! Wo ọmọ burúkú yìí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín!"

"Bàbá, ẹ̀yin nìyẹn."

"Èmi kọ́ nìyẹn."

"Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kà á: Emmett Zielke."

"Tí wọ́n bá kọ orúkọ mi sí ìdí màlúù, ṣé ọ̀dọ̀ mi ni wàá ti wá máa fún wàrà?"

"Sà, gbogbo wa la máa ń yí padà tí a bá ti ń dàgbà. Ojú yín ló kàn..."

"Etí ńkọ́?" Emmett ṣí fìlà rẹ̀. Etí méjì yọ jáde lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n tóbi, wọ́n là gbàgàdà sí oòrùn. "Báyìí ni wọ́n ṣe bí mi. Ìyá mi ní tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ̀rù máa ń ba òun láti gbé mi jáde. Wo ti Lyle nínú fọ́tò yẹn. Ó dà bí ẹ̀pà."

Wendell wo etí. Ó wo káàdì. Ó tún wo etí. 

"Ó lè jẹ́ pé fìlà ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Kò sí fìlà tó tẹ etí yìí mọ́lẹ̀ rí. Jókòó kí n sọ fún ọ. Lọ́jọ́ tí ayafọ́tò dé, sàláàdì ẹyin ni wọ́n fún wa jẹ nínú bọ́ọ̀sì. Oòrùn ti bá sàláàdì yẹn ṣeré láti àárọ̀. Ilé ìgbẹ́ ni mo wà nígbà tí ayafọ́tò pè mí, 'Zielke!' Mo dá a lóhùn, mo tún dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ipò tí mo wà kì í ṣe ipò tí èèyàn ti ń sáré jáde. Lyle, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá wa kó igi ìgbábọ́ọ̀lù, tí kò ní káàdì tirẹ̀, bá ní, 'Èmi nìyí!' Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yà á."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?"

"Mo sọ. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, àwọn á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, wọ́n ti lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ó mà dunni o." Wendell rọra ti bírò búlúù sún mọ́ ọn lórí pákó. "Ẹ ṣáà buwọ́ lù ú."

Emmett ti bírò náà padà. "O ò mọ ohun tí káàdì yìí fi ojú mi rí. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ Marlys, ó kọ́kọ́ fi káàdì náà ránṣẹ́ sílé kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo lọ, mo kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ṣí i, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, 'Emmett dà?' Mo ní èmi nìyí, mà. Ó ní, 'O káre, o ṣeun tó o wà á wá. Ṣé ó ṣì wà nínú ọkọ̀ ni?'"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Wendell, ó gbé e mì.

"Rẹ́rìn-ín, kò burú. A ṣègbéyàwó, ṣùgbọ́n káàdì yẹn ò kúrò lára fíríìjì ìyá Marlys títí ó fi kú. Gbogbo Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí a bá lọ jẹ tòlótòló níbẹ̀, Lyle ni mo máa ń wò lójú kí n tó lè mú bọ́tà."

"Ṣùgbọ́n sà, ẹ gbọ́!" Ìmọ̀ tún ti gun Wendell. "Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dáa! Àwa tí a ń kó káàdì jọ, èyí tó bá ní àṣìṣe nínú la fẹ́ràn jù. Àwọn èèyàn á máa jà dù ú."

"Tó bá jẹ́ ojú tèmi ló wà lórí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ha. Á kàn wà láàárín àwọn yòókù ni, sà."

"Ìyẹn ni pé àìsí mi níbẹ̀ ló jẹ́ kí n níyì."

Wendell tún rọra ti bírò sún mọ́ ọn. 

"Mú nǹkan mìíràn wá," ni Emmett wí. "Màá buwọ́ lu fìlà rẹ. Màá buwọ́ lu ọkọ̀ rẹ níwájú àti lẹ́yìn. Màá buwọ́ lu èyí." Ó mú àgbàdo kan tó ti bó, ó sì ń wá ibi tó tẹ́jú lára rẹ̀.

"Bàbá, èmi ò kó àgbàdo jọ!"

"Ó sàn ju Lyle lọ. Àgbàdo ò jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀."

"Káàdì yìí nìkan ni mo fẹ́, sà. Òun ló kù. Tí ẹ ò bá buwọ́ lù ú, kò lè pé láéláé."

Emmett fi àgbàdo sílẹ̀. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ṣé èmi lo wá rí, àbí káàdì?"

 Wendell jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ọ̀kan, ó bọ́ èkejì.

"Káàdì ni mo wá gbà," ló wí. "Bàbá mi ló fẹ́ rí yín."

"Bàbá rẹ mọ̀ mí?"

"Ó rí yín lójúkojú. Millrace ló gbé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó wà lórí ìjókòó pákó lọ́jọ́ tí ẹ gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, tó lọ bọ́ sínú odò."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbá irú ẹ̀ rí láyé mi," ni Emmett wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo rò pé kò sẹ́ni tó rántí."

"Òun rántí. Gbogbo ìgbà tí a bá tú káàdì wa sórí tábìlì, á fi ìka lé èyí, á ní, 'Wendell, ẹni yìí kọ́ o. Zielke tí mo rí, etí ẹ̀ tóbi; tó bá ń sáré, ó dà bí ẹni tó fẹ́ fò.'"

"Ó rántí etí mi?"

"Ó rántí etí yín. Èmi ni mò ń bá a jiyàn." Wendell ń wo ilẹ̀. "Màá ní, 'Bàbá, ojú yín ló ń ṣe bàìbàì. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni? Káàdì kì í purọ́.' Títí dórí ibùsùn ilé ìwòsàn la fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí n wá yín lọ, màá rí etí. Mo ní màá wá yín lọ, màá sì fi hàn án pé kò mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tí mo bá a sọ kẹ́yìn."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun, nítorí ẹni tí òun ì bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí mọ́.

 Emmett yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí Wendell lè rí etí náà dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀.

"Wò ó," ló wí. "Wò ó tẹ́rùn. Dúró, kí n yí èkejì náà sí ọ."

Wendell wò ó. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá," ni Emmett wí. "Mo rò pé tèmi ti sọnù sọ́nà ni. Mú bírò wá."

Kíá, Wendell ti dìde. Ìbọ̀wọ́ ti padà sọ́wọ́, káàdì ti jáde nínú ọ̀rá, ìmọ̀ ti padà sẹ́nu. "Ẹ kọ́kọ́ mì ín, sà. Lápá ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó má kan ojú. Orúkọ yín nìkan. Ẹ má kọ 'Fún Wendell.' Ẹ má kọ 'Pẹ̀lú ìfẹ́.' Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ má mí sí i."

"Ta ló ń buwọ́ lù ú, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ má bínú."

Emmett bẹ̀rẹ̀ mọ́ káàdì náà. Bírò ń dún lórí rẹ̀. Ó ń kọ, ó ń kọ. Ìpayà bẹ̀rẹ̀ sí í mú Wendell, nítorí Zielke kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó na ọrùn, ṣùgbọ́n èjìká bàbá náà dí i lójú. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí yíǹkì lè gbẹ, ó sì gbé e fún un.

Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni, láti etí káàdì dé etí kejì: BÀBÁ WENDELL LÓ JÀRE. EMMETT ZIELKE.

Wendell kà á. Ó tún un kà, ó sì gbé káàdì náà mọ́ àyà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá wò ó bí ẹni tó ń kó káàdì jọ ṣe ń wò ó, igbe sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ ti fi yíǹkì bo ojú Lyle pátápátá!"

Emmett ti mú àgbàdo mìíràn, ó ń bó o lọ. "Jẹ́ kó mú un mọ́ra. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ló ti ń fi tirẹ̀ bo tèmi."