Fìlà Tó Ń Ṣe Alága

Ará Ìkàrẹ́ ni Olóyè Abọ́dẹrìn: Baba Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Fíṣíìsì, Iná Ìmọ̀ Àkókó, Ẹni-a-rí-tí-a-dìde. Òun ló sọ ara rẹ̀ ní gbogbo orúkọ wọ̀nyí. Kò ka fíṣíìsì rí.

Ọ̀kà ni ẹgbẹ́ náà wà. Àwọn ọmọ yunifásítì ló dá a sílẹ̀, kí àwọn tó ti pẹ́ lè máa kọ́ àwọn tuntun tí ìdánwò ń dà láàmú. Abọ́dẹrìn ló ni yàrá tí wọ́n ń lò. Kòkó ló ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí yàrá yìí ni wọ́n ṣe ń fara dà á.

Bí kò bá ráyè wá sípàdé, fìlà rẹ̀ ló máa ń rán. Dírẹ́bà á gbé e sórí àga ńlá, gbogbo ọmọ á dìde kí i. Lọ́jọ́ tí Samuel, ọ̀kan nínú wọn, gbàgbé láti dìde, Olóyè ti yàrá pa.

"Fìlà mi, èmi náà ni," ló wí. "Ẹni tó bá rí i, èmi ló rí."

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ fi yàrá náà fún oníbíà. Raliat, ààrẹ ẹgbẹ́, bẹ̀ ẹ́ títí. Olóyè ní òun á rò ó, bí wọ́n bá fi òun joyè Baba Fíṣíìsì Gbogbo Àkókó níta gbangba. Wọ́n gbà.

Lọ́jọ́ oyè, èrò wá láti Ìkàrẹ́, wọ́n wá láti Ikun. Láti fi fíṣíìsì han èrò, Raliat fi okùn so odó ata mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò. Ó fà á wá síwájú imú ara rẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Odó fì lọ, ó fì bọ̀, ó dúró lẹ́bàá imú rẹ̀, kò kàn án. Ọmọ náà ò mira. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ yẹn dun Olóyè. Ó ní òun náà á ṣe é.

"Bàbá, ẹ kàn jọ̀wọ́ rẹ̀ ni o. Ẹ má tì í," ni Raliat kìlọ̀ fún un.

"Kí n jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ọ̀lẹ? Bí odó yìí bá kàn mí, mo fi yàrá yẹn ta yín lọ́rẹ títí ayé. Ṣé gbogbo yín gbọ́?"

Wọ́n gbọ́.

Ó tì í tagbáratagbára. Bó ṣe tì í náà ló ṣe ń bọ̀. Ẹni-a-rí-tí-a-dìde rí odó, ó dọ̀bálẹ̀. Etí odó já fìlà gbà lórí rẹ̀, fìlà kó sínú odó, ó ń fì lọ, ó ń fì bọ̀.

Olóyè dìde, iyẹ̀pẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní fìlà lásán ni odó kàn, kò kan òun.

Samuel dìde, ó kọjú sí odó, ó tẹríba. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Odó fì padà. "Ó dàbọ̀ o, Bàbá." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù dìde, wọ́n ń kí i bó ṣe ń bọ̀, wọ́n ń kí i bó ṣe ń lọ. Àwọn ará Ikun bá wọn kí i. Dírẹ́bà Olóyè náà ṣí fìlà tirẹ̀, ó kí i.

Olóyè nawọ́ láti mú fìlà rẹ̀. Raliat rọra dá a dúró.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ kí wọn ná."

Kò kí wọn. Orí òfìfo ló gbé padà sí Ìkàrẹ́. Fìlà ṣì wà lórí àga ńlá nínú yàrá náà. Òun ni Baba Ìsàlẹ̀ báyìí, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.