Baba Oníbọn Kó Ìbọn Lọ Sí Àgọ́ Ọlọ́pàá

Bí ọkùnrin kan bá wà láyé yìí tí ẹnu rẹ̀ máa ń jí ṣáájú rẹ̀ láàárọ̀, télọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́ o. Ó mọ ṣòkòtò rán dáadáa. Ṣùgbọ́n kó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́nnu ná. Òun ló ti bá mínísítà jẹun, òun ló ti fi ọwọ́ lásán mú ejò nírù. Gbogbo ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tó wá ní òun ní ìbọn ni ẹnu rẹ̀ kó bá a.

Rédíò kékeré kan wà lórí tábìlì ìgéṣọ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ bí ayé ṣe ń lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò lè fi wé òmíràn.

"Orílẹ̀-èdè kan wà," á ní, "tó jẹ́ pé kò sílé tí ò níbọn. Títí kan ọmọ ọwọ́! Olè ibẹ̀, kó tó wọlé, á kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Á ní, 'Ẹ kúulé o. Ṣé kí n máa bọ̀ ni àbí kí n máa lọ?' Tí wọ́n bá ní kó máa lọ, á dúpẹ́, á tún ti ilẹ̀kùn."

Ẹ má bi mí lórúkọ orílẹ̀-èdè náà. Òun gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Aṣebàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi. "Ọ̀gá Télọ̀, ẹnu yín yìí náà lẹ fi sọ pé ilẹ̀ kan wà tí òfin ò gbà kẹ́nikẹ́ni ní ìbọn, tí wọn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìpànìyàn. Èwo ni ká wá mú níbẹ̀?"

"O ò lóye ayé," ni Télọ̀ dá a lóhùn. "Gbogbo olè ibẹ̀ ló ti kó lọ síbi tí ìbọn wà, kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ ní ìbọn?"

Télọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé ẹni tó wà ní òpin òpópónà nìkan ni kò gbọ́. "Ó wà nílé," ló wí.

Bó ṣe di Baba Oníbọn nìyẹn. Ìbọn náà sì ń dàgbà lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ tó ń jẹun dáadáa. Ó kọ́kọ́ kúrú, kò pẹ́ ó gùn, nígbà tí òjò fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti ní ẹnu méjì. Ó ní tóun bá gbé e jáde báyìí, gbogbo ajá àdúgbò á dọ̀bálẹ̀. Onílé tó gbà á sílé, bàbá arúgbó kan tí kì í fẹ́ náwó, kó àwọn ará òpópónà jọ, ó ní kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọdẹ tó ń ṣọ́ wọn ṣe nígbà tí Baba Oníbọn wà. Wọ́n dá ọdẹ dúró. Ọdẹ gbé tọ́ọ̀ṣì àti fèrè rẹ̀, ó tiẹ̀ yà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Télọ̀ pé ó bá òun sọ ẹrù kalẹ̀.

Olè ò sì wá lóòótọ́. Kí ló fẹ́ wá jí? Àmọ́ Télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òpópónà wọn wé odindi orílẹ̀-èdè. "Ní ti ààbò," ló ń sọ kiri, "gbogbo ayé ló kù sẹ́yìn wa!"

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ òótọ́. "Bàbá ọmọ mi," ló ní, "ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gun àga lánàá nítorí aáyán?"

"Aáyán yẹn ń fò!"

Ọjọ́ Ajé kan ni mọ́tò ọlọ́pàá gba òpópónà náà kọjá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí rẹ̀. Ìjọba ti ṣòfin tuntun. Ẹni tó bá ní ìbọn tí kò gba ìwé àṣẹ, kó kó o wá sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kó o wá, wọ́n dárí jì í. Ẹni tí wọ́n bá wá bá ìbọn nílé rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni!

Télọ̀ ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò kàn án, àbí? Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé gbogbo òpópónà ń wo òun.

Onílé ló kọ́kọ́ dé. "Ọmọ mi, o ti gbọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá já ilẹ̀kùn ilé mi."

Télọ̀ dìde lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí i pé ìtìjú sàn ju ẹ̀wọ̀n lọ. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò ní ìbọn. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan rí láyé mi."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ohun tí ẹni tó ní in máa ń sọ gan-an nìyẹn!"

"Irọ́ ni mò ń pa látẹ̀yìn wá, sà!"

"Irọ́ kẹ̀?" Aṣebàtà ti sọdá wá. "Èmi fetí ara mi gbọ́ ọ nígbà tó dún, lọ́jọ́ Àìkú."

"Ìkòkò ìyàwó mi ló jábọ́!"

"Ìkòkò wo ló ń dún lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ìkòkò àti ọmọrí ẹ̀ ni!"

Aṣebàtà yíjú sí onílé. "Bàbá, ẹ ò gbọ́ ọ? Ẹlẹ́nu méjì ni."

Ìyàwó Télọ̀ jáde wá jẹ́rìí pé kò sí nǹkan kan tó ń jẹ́ ìbọn nílé àwọn, pé ọkọ òun ò lè pa aáyán. Wọ́n kí i kú ìfẹ́. Wọ́n ní ìyàwó tó mọ ọkọ ẹ̀ bò láṣìírí ṣọ̀wọ́n. Onílé wá fajú ro. Ó ní tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì bá fi ṣú tí ìbọn yẹn ṣì wà nílé òun, òun fúnra òun lòun máa lọ pe ọlọ́pàá.

"Ẹ lọ sọ òótọ́ fún ọlọ́pàá," ni ìyàwó rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn.

"Àwọn tó mọ̀ mí ò gbà mí gbọ́, àwọn tí ò mọ̀ mí ni yóò wá gbà mí gbọ́?" Omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. Tí wọ́n bá wá tú ilé tí wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n á ní ó ti rì í mọ́lẹ̀ síbì kan, ẹ̀wọ̀n náà ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó wá ìbọn tó máa kó sílẹ̀.

Ó gba ilé káfíńtà lọ. Ó ní ìbọn lòun fẹ́. Kò ya káfíńtà lẹ́nu, kò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. "Kékeré ni àbí gígùn?" ló bi í.

"Gígùn. Ẹlẹ́nu méjì."

"Ẹ máa ní sùúrù díẹ̀ o. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí."

Ohun tí káfíńtà ṣe dára, kí n má parọ́. Télọ̀ fi pólíìṣì dúdú kùn ún títí ó fi ń dán, ó fi aṣọ funfun wé e, ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Ó bá èrò lórí ìlà. Alápatà wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń lẹ táyà wà níbẹ̀. Oníkálukú gbé ẹrù tó fi aṣọ wé mọ́ra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ń bà á, àmọ́ ẹnu yẹn ò sinmi. "Tèmi yìí," ló ń sọ fún alápatà, "ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá." Alápatà ní tòun náà ti ilẹ̀ òkèèrè wá.

Ó kàn án. Sájẹ́ǹtì kan tó sanra jókòó sẹ́yìn tábìlì, ojú ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí aṣọ wò. "Ọta rẹ̀ dà?"

Káfíńtà ò ṣe ọta. Ká ní Télọ̀ sọ pé òun ò ní, kó sì panu mọ́, ilé ni ì bá gbà lọ. "Mo ti yìn ín tán," ló wí.

Sájẹ́ǹtì gbójú sókè. "Sí ta ni?"

"Olè ni, sà."

"Ṣé ó bà á?"

Irú ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kéèyàn máa bi onífọ́nnu. "Èmi kẹ̀! Kí n yìnbọn kó má bà á?"

"Òkú ẹ̀ dà?"

Sájẹ́ǹtì dìde nílẹ̀. "Ìpànìyàn nìyí. Ẹ bá mi mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá!"

Ìgbà tí Télọ̀ gbọ́ bí irin yẹn ṣe ń dún bọ̀, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó já ìbọn gbà lórí tábìlì, àwọn ọlọ́pàá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì fi orúnkún dá a sí méjì. Kàà!

"Igi ni!" ló ń ké. "Ẹ̀yin ará, igi ni! Ẹ fọwọ́ kàn án! Mi ò pa ẹnikẹ́ni, mi ò rí olè kankan rí, irọ́ ni mo pa!" Pólíìṣì ti yí i lọ́wọ́, ó ti yí i níwájú orí, ó ti kan etí. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo káàánú rẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rín ni ò jẹ́ kí n káàánú rẹ̀ tán.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lórí ìlà. Alápatà wo ẹrù ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun gbàgbé nǹkan sórí iná. Tíṣà ní àwọn ọmọ ń dúró de òun, bẹ́ẹ̀ ìsinmi ni wọ́n wà. Ẹnì kan jẹ́ kí tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dún bí ìjókòó onígi, ó he é, ó sá. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, ìlà ti tú, ó ku Télọ̀ nìkan.

Sájẹ́ǹtì mú ẹ̀là igi náà, ó wò ó tinú tòde. "Tẹ̀ lé mi."

Ó mú un wọ yàrá inú, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ìkọ́ há a. Télọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣàánú mi, sà. Mo níyàwó. Mo lọ́mọ."

Sájẹ́ǹtì ṣí àpò awọ ìbàdí rẹ̀, ó yọ ìbọn ara rẹ̀ jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Télọ̀ di ojú pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ìkẹyìn.

"Lajú," ni Sájẹ́ǹtì wí.

Ó lajú.

"Ta ni káfíńtà tó bá ọ ṣe é?" Sájẹ́ǹtì rẹ ohùn sílẹ̀. "Iṣẹ́ ẹ̀ mọ́. Ikán ti jẹ ẹnu tèmi."