Òkúta Tó Pa Felíṣíà

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìtajà alájà mẹ́ta tó gba ilẹ̀ ilé èrò àtijọ́ ní Iléṣà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde nígbà náà, n kì í gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí. Ìdí nìyẹn tí onílé tuntun fi ní kí n kọ ìtàn ilẹ̀ náà, kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta, kí n sì kà á lọ́jọ́ ìṣílé.

Mo wádìí lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀ àtijọ́ tó máa ń sùn síbẹ̀. Wọ́n ní Felíṣíà kan ló dá ilé èrò náà sílẹ̀, pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí ọkọ lé e jáde, wọ́n ta ilé, ẹnikẹ́ni ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn: bí obìnrin yìí bá lọ́mọ, ṣé ọmọ ò ní wá bèèrè ohun ìní ìyá rẹ̀? Mo bá kọ ọ́ pé ó ti kú, kò sì fi ọmọ sílẹ̀. Ọgbọ́n ìwé.

Ìyá tó bí ìyá mi, Màmá Òṣogbo, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti sọ fún mi pé òun lòun ni ilé èrò yẹn. Mo ní ẹ̀rí dà.

"Wọ́n ti wó o. Ṣé kí n lọ ṣa bíríkì rẹ̀ wá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó yẹ kí n bi í lórúkọ, ṣùgbọ́n ta ní ń bi ìyá àgbà lórúkọ? Màmá Òṣogbo ni gbogbo wa ń pè é láti kékeré.

Lọ́jọ́ ìṣílé, ìjókòó iwájú ni mo fi í sí. Bí mo ṣe kà á pé Felíṣíà kú láìfi ọmọ sílẹ̀, awakọ̀ àgbà kan dìde, ó ń wo Màmá.

"Felíṣíà, ṣé ìwọ nìyí? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o ti kú."

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Èmi ni. Ọmọ tí ọmọ mi bí ló pa mí."

Mo sọ ìwé ọwọ́ mi kalẹ̀. Ẹni tó di okùn aṣọ tó bo òkúta mú rò pé mo ti kà á tán, ó fa aṣọ náà kúrò. Gbogbo èrò bá ka ikú Màmá ní lẹ́tà gàdàgbà, orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀.

Onílé ní wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kò ṣeé yọ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Láàárọ̀, bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, á ní, "Ta lò ń kí? Ṣebí mo ti kú."

Mo ti kọ́gbọ́n: kí ẹni tó ń wá ẹ̀rí kiri ìlú kọ́kọ́ mọ orúkọ ẹni tó ń bu oúnjẹ fún un. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Màmá kì í bá mi rín in.