Àgbọ̀nrín Oko Bàbá Bùkọ́lá

Ọjọ́ kan wà láyé mi tí mo fẹ́ gbàgbé, ṣùgbọ́n ìbàdí mi kò gbà fún mi. Mò ń fẹ́ Bùkọ́lá sọ́nà nígbà náà, bàbá rẹ̀ ní Ayépé kò sì tíì gbà. Kò bá mi jà o. Bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i, á ní mo kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, bí ìgbà tó ń kí ọ̀lẹ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Bùkọ́lá wá sọ fún mi pé àgbọ̀nrín kan ń jẹ ẹ̀wà bàbá òun lóko, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún dọ́kàn. Inú tèmi dùn. Bí mo bá gbé ẹran yẹn síwájú bàbá, ta ló tún máa pè mí ní ọ̀lẹ? Ìbọn ń bà mí lẹ́rù, àmọ́ mo ti ta ọfà rí nígbà tí mo ń kàwé ní Ìjagun. Àpò ìrẹsì la máa ń ta á sí. Mi ò rántí pé àpò ìrẹsì kì í sá.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ fi okùn de pákó mọ́ orí igi kan létí oko náà, èyí tí àwọn ọdẹ ń pè ní ẹ̀gùn, mo sì gùn ún ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan, tèmi ti ọrun àti ọfà. Kò pẹ́ tí tanpẹ́pẹ́ fi wọ ṣòkòtò mi. Mi ò lè họ ara, torí bí mo bá mí sókè báyìí, pákó á dún. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni àgbọ̀nrín yọ lóòótọ́, ó ń jẹ ewé ẹ̀wà bí ẹni pé òun ló gbìn ín. Mo fa ọṣán.

Ìgbà yẹn ni bàbá dé. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kalẹ̀ lábẹ́ igi mi gan-an, ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àgbọ̀nrín ò tilẹ̀ sá, ó jọ pé ó ti mọ ohùn rẹ̀. Ó yẹ kí n kí bàbá, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń dọ̀bálẹ̀ lórí igi? Ó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ títí ó fi kan Bùkọ́lá.

"Olúwa, fún un ní ọkùnrin tó máa tọ́jú rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹni náà ṣubú."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà bá ṣàdúrà, ọmọlúàbí kì í dákẹ́. Kí n tó mọ̀, mo ti ṣe "Àmín" kíkankíkan, mo sì tẹrí ba. Títẹrí ba yẹn ló kó bá mi. Okùn já, pákó yẹ̀, ọfà lọ gún kẹ́ẹ̀gì, èmi náà tẹ̀lé e, mo balẹ̀ sórí ebè. Ẹ̀wà tí mo bàjẹ́ pọ̀ ju èyí tí àgbọ̀nrín jẹ lọ.

Bàbá ti di àdá mú. Mo dọ̀bálẹ̀, kò gba wàhálà, mo kúkú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá lórí igi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó dá mi lójú pé Bùkọ́lá ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó wo ọrun, ó wo kẹ́ẹ̀gì tó ń jò, ó wò mí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà lóko yìí," ó ní, "wọn ò dá mi lóhùn láti òkè rí."

Ó fà mí dìde, a jọ tún ebè náà kọ títí oòrùn fi mú. Nígbà tí mò ń lọ, ó ní kí n sọ fún àwọn ẹbí mi kí wọ́n máa bọ̀ wá rí òun.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn gbàyè lọ́wọ́ olóko kó tó ràn án lọ́wọ́. Àgbọ̀nrín ṣì ń wá. Èmi àti àna mi la jọ ń lé e báyìí, àtẹ́wọ́ la sì fi ń lé e. Bí wọ́n bá sì ti fẹ́ gbàdúrà nílé wa, ìyàwó mi á kọ́kọ́ wò mí bóyá ilẹ̀ ni mo wà. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?