Anpilífáyà Mọ́sálásí Tó Mutí

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí ẹ tiẹ̀ fi sípírítì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọpọlọ mi. Iṣẹ́ rédíò àti anpilífáyà ni mò ń ṣe ní Ìgàndò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ẹnu mi sì máa ń yá ju ọwọ́ mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Ládàánì, àwọn tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa, gbé anpilífáyà mọ́sálásí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti dákẹ́ látìgbà ìrun àsùbáà. Iṣẹ́ lásán kọ́ nìyẹn o. Bàbá yìí ló bí Rámọ́tà, ọmọ tí mo fẹ́ fi ṣaya, àwọn èèyàn mi sì ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé àwọn ń gbọ́ pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wa máa ń mutí, kí àwọn ṣì máa wò mí ná.

“Kó tó di ìrun Jímọ̀ o,” ni Bàbá wí. “Mò ń wò ọ́.”

Mo tú u. Ojú òjé kan ló ti là lórí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí iná ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ. Mo bu pésìtì tó ń jẹ́ kí òjé mú sí i, mo jó òjé lé e, ó mú. Àmọ́ bí pésìtì bá ti jó tán, ó máa ń fi ìdọ̀tí rúsúrúsú kan sílẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Bí a bá fi í síbẹ̀, ẹ̀rọ á máa kùn, tó bá sì pẹ́, á jẹ pánẹ́ẹ̀lì náà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Dopemu kì í fi èyí ṣeré. “Iṣẹ́ tí o ò bá fọ̀, o ò tíì ṣe é,” ni wọ́n máa ń wí. Mo nawọ́ mú ìgò sípírítì mi. Ó ti gbẹ táútáú.

Kẹ́mísí ò jìnnà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Rámọ́tà ló ń tajà níbẹ̀. Mo ti ra fítámì C lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ọ̀gá rẹ̀ ń béèrè irú àìsàn tó ń ṣe mí, Rámọ́tà sì ti kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ yọjú mọ́ títí bàbá òun á fi dáhùn. Ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lórí, ọgbọ́n tó jọ agọ̀: ṣebí ọtí líle náà ń wẹ ìdọ̀tí pésìtì kúrò?

Mo fa fìlà bojú, mo yọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Paraga. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó le jù.”

Wọ́n wò mí tàánútàánú. “Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi? Ṣé kò sí o?” Wọ́n bu ọ̀kan sínú ìgò fún mi, èyí tí wọ́n ti rẹ egbò igi sí, tí wọ́n sì ti po oyin mọ́. Ìkánjú ò jẹ́ kí n wò ó. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo pánẹ́ẹ̀lì náà. Ìdọ̀tí pésìtì lọ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó rọ́pò rẹ̀ tún lẹ̀ jù ú lọ. Mo ní á gbẹ tó bá yá, mo gbé e lọ sí mọ́sálásí.

Ohùn Bàbá Ládàánì dún ketekete. Mo jókòó sí ìlà iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, mo ń wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ wáàsí kútúbà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òórùn paraga sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, tòun ti egbò inú rẹ̀.

Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi sún. Tápá òsì náà sún. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀rọ, èmi ni wọ́n ń wò. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ tí lèmọ́mù bá ń ka kútúbà. Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ, mo nawọ́ sí imú, mo tún nawọ́ sí ẹ̀rọ. Bí ọ̀mùtí gan-an ni mo ṣe ń ṣe. Bí mo ṣe gbójú sókè, ojú èmi àti Bàbá Ládàánì pàdé, mo sì mọ̀ pé Rámọ́tà ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí wọra.

Èèrà ló gbà mí. Oyin ti pè wọ́n. Wọ́n tò láti ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n gba orí ẹní, wọ́n gun orúnkún mi, wọn ò tiẹ̀ dúró kí mi, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, wọ́n wọnú anpilífáyà lọ. Bàbá Ládàánì ń fojú bá wọn lọ.

A kírun tán, Bàbá pè mí. “Yanu.” Mo yanu. Wọ́n gbóòórùn ẹnu mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹ̀rọ. “Ẹnu ẹ mọ́. Ẹ̀rọ yìí ló mutí.”

Mo rojọ́ bí mo ṣe fi paraga fọ ẹ̀rọ náà.

“Nígbà tí òjé ti mú, kí lo tún ń fọ̀? Ta ló máa tú u wò?”

“Kò sẹ́ni tó máa tú u, Bàbá. Bí mi ò bá fọ̀ ọ́, mi ò tíì ṣe é ni.”

Wọ́n fìka gbọn èèrà kan kúrò lórúnkún mi. “Lọ bá Rámọ́tà ní kẹ́mísí, kó fún ọ ní sípírítì gidi. Sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ. Tó o bá sì tún fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́la, o ò ní láti dúró de èsì mi mọ́.”

Rámọ́tà rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fajú ro. “Fítámì C náà ni?”

“Sípírítì ni. Bàbá ló rán mi.”

Ó gbé ìgò náà dání, kò rántí gbé e fún mi, ẹ̀rín ló ń rín.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n máa wo inú ìgò kí n tó dà á, kí n má sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìfọ̀ láé. Sípírítì kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, ìyàwó mi ló ń gbé e wá. Ìyá Paraga nìkan ni kò gbà títí dòní pé n kì í mutí. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á rọra bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé o ti fi í sílẹ̀?”

“Mo ti fi í sílẹ̀, Ìyá,” ni mo máa ń wí, èmi tí n ò mu ún rí, màá sì máa rẹ́rìn-ín ara mi lọ.