Adìẹ Tó Fẹ́ Rí Olúmọ Nígbà Òjò

Ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé òjò tó rọ̀ ló da ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ? Ẹ ń mi orí. Ẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ó ní òjò rọ̀, àwọn méjèèjì sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ó parí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ìbá jókòó kó máa fi ìyẹn pa òwe? Ojoojúmọ́ ni òjò ń lé èèyàn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rárá o. Ìrìn-àjò afẹ́ ló fà á.

Adìẹ kan wà ní abúlé Ìdí-Ẹ̀mì, ní òdìkejì odò Ògùn. Láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá àkìtàn ẹ̀yìnkùlé rí. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ìròyìn Abẹ́òkúta. Ó gbọ́ pé àpáta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Olúmọ, pé ó ga ju ilé lọ, pé gbogbo adìẹ ayé ì báà pé jọ kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ ha á, wọn ò ní rí ìdí rẹ̀.

"Màá fojú ara mi rí Olúmọ kí n tó kú." Ohun tó ń wí láràárọ̀ nìyẹn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Adìẹ kì í sọ̀rọ̀ ikú lásán. Ní Kérésì tó kọjá, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n fi jẹ ìrẹsì. Ní Àjíǹde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Òun ló kàn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, onílé tó ń sìn ín mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí láti oṣù Kẹfà ni ọkùnrin náà ti ń wo itan rẹ̀ ní ìwò kan báyìí.

Ẹ wá rí i pé kò lè lọ nígbà ọdún tí gbogbo ayé ń lọ sígboro. Adìẹ tó bá wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá, inú ìkòkò ni wọ́n ń gba yàrá fún un. Oṣù Keje ló dára. Lóṣù Keje, òjò ń rọ̀, kò sí ayẹyẹ, kò sẹ́ni tó ń wá adìẹ, yàrá ò sì wọ́n. Ló bá pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sí ìdí àkìtàn: Pẹ́pẹ́yẹ, Tòlótòló, àti Ẹyẹlé, ẹni tó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, tó ní òun á máa gbọ́ wọn láti orí òrùlé.

"Mo ti bá wa wádìí ilé àlejò," Adìẹ wí. "Ti Ìyá Ewúrẹ́ ni. Nígbà ọdún, ogún àgbàdo ló ń gbà lórí yàrá kan. Nísinsìnyí, márùn-ún péré. Ṣùgbọ́n ó ní a gbọ́dọ̀ pé mẹ́rin kí òun tó lè gba iye yẹn."

Tòlótòló tú ìyẹ́ ká. "Ta ni alága ìrìn-àjò yìí?"

"Bàbá, kò sí alága. Àwa mẹ́rin péré ni."

"Èèyàn mẹ́rin, kò sí alága! Ṣé ìjà lẹ fẹ́ jà ni?"

"Ẹ̀yin ni alága, Bàbá. Ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ."

Pẹ́pẹ́yẹ na ọrùn. "Òjò ńkọ́?"

Adìẹ fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ẹ̀rù ìbéèrè yìí ló ti ń bà á. "N ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi. Òjò á rọ̀."

"Púpọ̀?"

"Púpọ̀."

"Ìgbà wo là ń lọ?"

Ó ku Ẹyẹlé. Ó ń fi ẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe lókè níbẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀. "Mi ò sọ pé mi ò lọ o," ló wí nígbà tó yá. "Ṣùgbọ́n mo ní ẹbí ní Abẹ́òkúta. Orí òrùlé ilé alájà ni wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá rí èmi pẹ̀lú..." Ó wo ẹsẹ̀ Adìẹ.

"Pẹ̀lú ta ni?" Adìẹ bi í.

"Pẹ̀lú ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tanlẹ̀ kó tó jẹun."

"Báwo ni tìrẹ ṣe ń dé ẹnu rẹ?"

"Wọ́n ń dà á sílẹ̀ fún mi. Nítorí náà, yàrá tèmi á dá wà. Lójú ọ̀nà, èmi á wà lókè, ìwọ á wà nílẹ̀. Bí a bá sì pàdé ẹbí mi, a ò mọra."

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Ẹ gbọ́ àbùkù!" Ṣùgbọ́n Adìẹ gbé ọwọ́ ìyẹ́ sókè. Ó ti ka orí: láìsí Ẹyẹlé, mẹ́ta ni wọ́n.

"Mo gbà. Bí o bá ní kí n fi ẹ̀yìn rìn débẹ̀, màá fi ẹ̀yìn rìn. Olúmọ ni mò ń lọ wò, kì í ṣe ojú rẹ."

Wọ́n gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ń ṣe wínníwínní. Wọ́n dé orí afárá odò Ògùn. Pẹ́pẹ́yẹ yọjú wo ìsàlẹ̀, ó sì dúró.

"Kí nìyí?"

"Odò Ògùn ni," Adìẹ dá a lóhùn. "Jẹ́ ká lọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Kí ló wà ní Abẹ́òkúta tó ju èyí lọ?"

"Mo ti sọ fún ọ. Àpáta."

"Àpáta." Pẹ́pẹ́yẹ tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu bí ẹni tó bá òkúta nínú ẹ̀wà. "Ẹ bá mi kí i." Ó sì bẹ́ sódò. Títí tí mo fi ń wí yìí, kò tíì jáde.

Ó ku mẹ́ta. Wọ́n dé ẹnu bodè ìlú ní àsìkò tí àwọn ọmọ iléèwé ń ṣeré ìsinmi. Ọ̀kan súfèé. Tòlótòló dá a lóhùn kíá: "Kólokòlokólo!" Òmíràn súfèé. "Kólokòlokólo!" Ni gbogbo wọn bá rọ́ sí ìdí ọgbà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," Adìẹ bẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n ń kí mi."

"Wọn ò kí yín. Wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Alága kì í fi ìkíni sílẹ̀ láìjẹ́. Jẹ́ kí n jẹ́ ti eléyìí tán." Àwọn ọmọ náà sì tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Adìẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dé oríta kẹta, ó ṣì ń gbọ́ ohùn alága.

Ilé àlejò Ìyá Ewúrẹ́ jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ àtijọ́ kan létí odò kékeré. Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ bébà tó yẹ kó fi kọ orúkọ àlejò.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ ní mẹ́rin lẹ jẹ́."

"Mẹ́rin la jẹ́ nígbà tá a kúrò nílé, Ìyá."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Ọ̀kan wà nínú odò. Ọ̀kan ń jẹ́ ìkíni."

"Hẹn." Ìyá Ewúrẹ́ gbé bébà náà mì. "Ogún àgbàdo."

Adìẹ ti rìn láti òwúrọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ẹrẹ̀ ti mu ún dé itan. Ó jókòó sí àárín ẹnu ọ̀nà gan-an. "Ó dáa. Ìyá, ẹ bá mi ka àwọn àlejò tó wà nínú ilé yìí."

"Kò sí ẹnì kankan."

"Àwọn tó ń bọ̀ lọ́la ńkọ́?"

Ìyá Ewúrẹ́ wo òjò. Òjò wo Ìyá Ewúrẹ́.

"Ìyẹn ni pé èmi ni gbogbo àlejò yín títí di oṣù Kejìlá," Adìẹ wí. "Ṣé kí n dìde?"

"Àgbàdo márùn-ún. Yàrá mélòó?"

"Méjì!" Ẹyẹlé kígbe láti orí òrùlé. "Tèmi lókè!"

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òjò tí ń ṣe wínníwínní dáwọ́ eré dúró, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí Ẹyẹlé fi yọ orí láti òkè.

"Ìyá Ewúrẹ́! Yàrá mi ń jò!"

"Kì í jò nígbà ọdún."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà ọdún!"

"Ìdí tó fi wọ́n nígbà náà nìyẹn."

Ẹyẹlé kó lọ sí yàrá kejì. Fèrèsé yàrá kejì jábọ́. Ó kó lọ sí ìkẹta, àjà ìkẹta ń sunkún láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá sì ti ń kó kiri, ó di dandan kó sọ̀ kalẹ̀, kó gba iwájú yàrá Adìẹ nísàlẹ̀ kọjá. Kò gbàgbé àdéhùn wọn.

"Ẹ káàsán o, ìyáàfin," ló kọ́kọ́ wí, ó ń wo ògiri.

Ẹ̀ẹ̀kejì: "Ẹ kúrọ̀lẹ́ o, ìyáàfin."

Ẹ̀ẹ̀kẹta, omi ń kán ní ẹnu rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyáàfin, ṣé a ti pàdé rí ni?"

"Rárá o," Adìẹ dá a lóhùn. "Mi ò tíì rí ẹyẹ tó tutù tó báyìí rí."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, odò kékeré náà wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Ìyá Ewúrẹ́ fò sórí tábìlì, ó sì kọ̀ láti sọ̀. "Ẹ máa lọ sílé yín!" ló ń ké. "Ilé ti kún!"

"Olúmọ dà?" Adìẹ bi í. Omi ti dé ìdodo rẹ̀, bí adìẹ bá ní ìdodo.

"Olúmọ wà níta níbẹ̀!"

Adìẹ jáde síta. Òjò funfun bo gbogbo ayé. Kò rí Olúmọ. Kò rí ojú pópó. Kò rí ẹnu ara rẹ̀. Ó padà wọlé, omi ń tẹ̀ lé e bí onígbèsè.

"Mi ò lọ," ló wí fún omi náà. "Bí mo bá lọ sílé láìrí i, inú ọbẹ̀ ni mo ti máa rántí rẹ̀. Mi ò lọ."

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì dé, òkè. Ẹ rántí pé ibi tó ga jù tí ẹsẹ̀ Adìẹ yìí ti tẹ̀ rí ni àkìtàn. Ó wo àtẹ̀gùn ilé náà bí ẹ̀yin náà yóò ṣe wo igi ọ̀pẹ. Ó bẹ́ sí ti àkọ́kọ́, ó mí. Ó bẹ́ sí ìkejì, ó gbàdúrà. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Nígbà tó dé òkè, ó tún rí àkàbà kan tó wọ inú àjà, ó gun ìyẹn náà. Ó bá agbọ̀n ògbólógbòó kan ní igun àjà, ibi kan ṣoṣo tó gbẹ nínú gbogbo ilé. Ó wọ inú rẹ̀, ó jókòó.

Kò tíì jókòó dáadáa tí ìró ńlá kan fi dún. Atẹ́gùn ti gbé òrùlé yàrá kẹfà lọ, yàrá tó kẹ́yìn. Ẹyẹlé wọlé gba ojú ihò, ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ti kéré débi pé ẹ lè fi í sínú fìlà.

"Ìyáàfin."

"Ọ̀gbẹ́ni."

"Ṣé àyè wà nínú agbọ̀n yẹn?"

"Fún ta ni?"

"Fún èmi."

"Ta ni yín?"

Eyín Ẹyẹlé ì bá máa gbá ara wọn, ká ní ó ní eyín. "Adìẹ. Jọ̀ọ́."

"Háà! Ó mọ orúkọ mi!" Adìẹ gbé ìyẹ́ sókè. "Wọlé, òmùgọ̀. Ọmọ mọ́kànlá ni mo ti fi abẹ́ ìyẹ́ yìí bò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Má ṣe fi ẹsẹ̀ tútù kàn mí."

Òjò náà rọ̀ di ọjọ́ kejì. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, ó dẹwọ́ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé kékeré àjà náà wọlé. Adìẹ yí orí padà.

"Ẹyẹlé. Kí nìyẹn?"

Ẹyẹlé kò yọjú. "Èwo?"

"Ohun dúdú ńlá tó gba ojú ọ̀run yẹn."

Ẹyẹlé yọ orí lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. "Olúmọ ni."

Adìẹ dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Omi ń ṣàn lára àpáta náà, ó ń dán, òrùlé kún abẹ́ rẹ̀ lọ súà. Ká ní ilẹ̀ ló wà, ẹsẹ̀ èèyàn àti táyà ọkọ̀ nìkan ni ì bá rí.

"Ó tóbi," ló wí nígbà tó yá. "Kò sí Kérésì tó lè jẹ ìyẹn tán."

Ibi tí wọ́n ti ń wò ó báyìí ni ariwo ti sọ lórí òrùlé kejì. Àwọn ẹyẹlé ìgboro ti jáde láti sá ìyẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń wo fèrèsé àjà.

"Ẹ wò ó! Ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n wa láti Ìdí-Ẹ̀mì nìyẹn?"

"Èmi kọ́," Ẹyẹlé dáhùn.

"Ẹ̀yin ni! Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe lábẹ́ adìẹ?"

Ẹyẹlé wo Adìẹ. Ó wo agbọ̀n. Ó wo ojú ọ̀run, ó sì ké tó fi jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló gbọ́: "Òjò ni! Òjò tó rọ̀ ló da wá pọ̀!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Méjì ṣubú lórí òrùlé. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà láti òrùlé dé òrùlé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti kárí Abẹ́òkúta.

"Òjò ti dá," Ẹyẹlé wí, ojú ń tì í. "Ṣé ká máa lọ sílé?"

"Ìwọ máa lọ. Mo ti rí ibi tí màá máa gbé."

"Ẹ ó san owó ọjọ́ kẹta o!" Ìyá Ewúrẹ́ ké láti orí tábìlì.

"Màá máa fi ẹyin san án, Ìyá!"

Onílé Ìdí-Ẹ̀mì fi ẹja gbígbẹ ṣe Kérésì ọdún náà, ó sì bú òjò títí ìrẹsì fi tutù. Ẹyẹlé kò kúrò nínú agbọ̀n náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ara òun kò tíì gbẹ. Bí ẹ bá wá rí agbéraga kan tó rọra sún mọ́ ẹni tí kì í kí tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe bi í léèrè ohunkóhun. Ẹ ṣáà fọwọ́ kan ẹ̀wù rẹ̀ bóyá ó tutù. Òjò tó rọ̀ ló da ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.